Àwọn Alápàáǹdẹ̀dẹ̀ Ẹnu Ọ̀nà Ńlá

Irọ́ ni Bíríkìlà ń pa lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí Adákẹ́ kọ́kọ́ rí i, irọ́ náà sì dùn débi pé ọmọbìnrin náà dúró gbọ́ ọ parí.

Àárọ̀ Sátidé kan ni. Òjò ti ń palẹ̀ mọ́, koríko ẹ̀bá ọ̀nà tutù yọ̀yọ̀, labalábá funfun ń fò káàkiri lórí rẹ̀ bí àjákù aṣọ tí atẹ́gùn gbé. Dókítà ló ní kí ìyá àgbà Adákẹ́ máa rìn kí orúnkún rẹ̀ má baà gan. Ni ọmọ-ọmọ bá ń mú un gba ọ̀nà oko tó jáde lẹ́yìn ìlú, tó kọjá létí odò, tó sì gun òkè lọ síbi àwókù odi àtijọ́ kan. Kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó kọ́ odi náà mọ́. Ohun tó kù níbẹ̀ kò ju ògiri òkúta tí ewé ti bò, kànga tó ti gbẹ, àti òkìtì òkúta ńláńlá níbi tí ẹnu ọ̀nà wà tẹ́lẹ̀.

Ní ìdajì òkè náà, bàbá arúgbó kan jókòó sórí àpáta pẹrẹsẹ, ó fi ọ̀pá sáàárín ẹsẹ̀ méjèèjì. Ojú rẹ̀ ti fọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí sìmẹ́ńtì gbẹ mọ́ bàtà rẹ̀ dúró tì í.

"Ẹnu Ọ̀nà Ńlá ńkọ́?" bàbá náà bi í.

"Ó wà níbẹ̀ digbí, Bàbá. Oòrùn ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá báyìí. Ewé kan ti ń fà mọ́ ọn lápá òsì, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé òkè pátápátá níbi tó ti tẹ̀ bí ọrun."

Adákẹ́ gbójú sókè. Òkìtì òkúta ló rí. Ó nu ojú, ó tún wò. Òkìtì òkúta náà ni.

Ìyá àgbà la ẹnu. "Ẹnu ọ̀nà wo ni—"

Adákẹ́ tẹ̀ ẹ́ lápá. Ìyá àgbà pa ẹnu dé.

Bí wọ́n ṣe ń padà sílé, wọn ò tíì dé etí odò tí ọ̀dọ́mọkùnrin náà fi sáré bá wọn, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Ẹ jọ̀ọ́, Mà, ẹ dúró. Ẹ má bínú sí mi."

"Orúnkún ni dókítà ní ó ń dùn mí o," ni ìyá àgbà wí. "Kò mẹ́nu ba ojú rárá."

"Bàbá mi ni, Mà."

"Mo rí i pé bàbá rẹ ni. Ẹnu ọ̀nà ni mi ò rí."

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò rí i rín. "Iṣẹ́ bíríkìlà ni mò ń ṣe, Mà. Ohun tó wó ni a máa ń kọ́. Mi ò rí sìmẹ́ńtì tó lè kọ́ eléyìí ni mo ṣe ń fi ẹnu kọ́ ọ."

Ó wá ṣàlàyé. Apínlẹ́tà ni bàbá rẹ̀ nígbà tí ojú rẹ̀ ṣì dára, ẹsẹ̀ ló fi ń gba ọ̀nà yìí lọ sáwọn abúlé. Lọ́jọ́ kan òjò ká a mọ́ orí òkè, ó sá sábẹ́ Ẹnu Ọ̀nà Ńlá, ó bá ọmọbìnrin kan níbẹ̀ tí òun náà ń sá fún òjò. Ọmọbìnrin náà ló wá bí Bíríkìlà.

"Ọ̀sẹ̀ tí a sin ìyá mi gan-an ni Ẹnu Ọ̀nà Ńlá wó," ó wí. "Ẹnu mi ò lè gbé òkú méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ní kí Bàbá kọ́kọ́ sunkún ìyá mi tán. Àmọ́ wọn ò tíì sunkún náà tán títí di òní."

"Tí wọ́n bá ní àwọn fẹ́ fọwọ́ kàn án ńkọ́?"

Ẹnu ya ìyá àgbà pé Adákẹ́ ló sọ̀rọ̀. Ó ya Adákẹ́ fúnra rẹ̀ lẹ́nu.

"Mo máa ń ní ẹrẹ̀ wà lọ́nà," ni Bíríkìlà dáhùn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí nípa Adákẹ́. Kì í ṣe orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ nìyẹn. Ní ṣọ́ọ̀bù télọ̀ àǹtí rẹ̀, níbi tó ti ń dá ojú bọ́tìnnì sára aṣọ, oníbàárà lè jókòó láti àárọ̀ kó má gbọ́ ju "ẹ káàbọ̀" lọ lẹ́nu rẹ̀. Àǹtí yìí ni ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, òun ló sì tọ́ ọ dàgbà. Ìyá àgbà ló kọ́ ọ níwèé nínú ilé, ohun tó bá sì mọ̀ láyé yìí, ẹsẹ̀ àgbàlagbà ló ti jókòó gbọ́ ọ. Ojú máa ń tì í tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé tí wọ́n bá ní kó wọn èèyàn, á fi téèpù lé onítọ̀hún lọ́wọ́ pé kó wọn ara rẹ̀.

Ṣùgbọ́n láti Sátidé ọjọ́ yẹn ni orúnkún ìyá àgbà ti bẹ̀rẹ̀ sí í yára jí.

"Dìde, dìde," á wí láàárọ̀, "orúnkún mi ti ń ké pé òun fẹ́ rìn."

"Orúnkún yín ni, Mà, àbí ẹlòmíì?"

"Tìẹ ni mò ń sọ, má dá mi lóhùn."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń pàdé. Àwọn àgbà méjèèjì á máa lọ níwájú ní ìrìn pẹ̀lẹ́, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ àtijọ́. Bíríkìlà àti Adákẹ́ á máa tẹ̀ lé wọn. Òjò lọ pátápátá. Koríko gbẹ, ó pọ́n bí wúrà. Odò fà sẹ́yìn títí a fi ń rí òkúta inú rẹ̀. Èèmọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í so lẹ́bàá ọ̀nà, kò sì sí ìgbà tí Adákẹ́ kọjá tí kì í lẹ̀ mọ́ etí aṣọ rẹ̀. Tí wọ́n bá dé orí àpáta, Bíríkìlà á bẹ̀rẹ̀, á máa já a kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan, ọwọ́ rẹ̀ tó le bí òkúta á máa rọra ṣe é kí aṣọ má baà ya.

"Aránṣọ ni mí," Adákẹ́ sọ fún un lọ́jọ́ kan. "Mo lè já a fúnra mi."

"Mo mọ̀. Má já a."

Inú Adákẹ́ dùn lọ́jọ́ náà débi pé ó dá ojú bọ́tìnnì sí ibi tí kò yẹ lára ẹ̀wù odindi oníbàárà kan, àǹtí rẹ̀ sì bú u títí ilẹ̀ fi ṣú.

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn wọlé tán, iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ Bíríkìlà. Ilé ẹ̀kọ́ kan ni wọ́n ń kọ́, ọ̀gá rẹ̀ sì ní wọn ò gbọdọ̀ sinmi lọ́jọ́ Sátidé.

"Bá mi mú Bàbá rìn," ó bẹ Adákẹ́. "Tí wọ́n bá jókòó sílé, wọ́n á máa bá ògiri sọ̀rọ̀."

"Èmi? Kí ni mo fẹ́ máa sọ?"

"Ohun tí o bá rí ni kí o sọ. Ẹnu Ọ̀nà Ńlá nìkan ni kí o bá mi gbé ró."

"Mi ò mọ irọ́ pa."

"Ẹyinjú mi, kì í ṣe irọ́. Bàbá mi ni. Ṣèlérí fún mi."

Kò tíì pè é bẹ́ẹ̀ rí. Adákẹ́ ṣèlérí.

Báyìí ni ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ ṣe di ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láti ìsàlẹ̀ òkè títí dé etí odò. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ahọ́n rẹ̀ ń kọsẹ̀. Ohun tó mọ̀ ni aṣọ, ni ó bá fi aṣọ júwe gbogbo nǹkan.

"Ojú ọ̀run ńkọ́ lónìí?" Bàbá á bi í.

"Ó dà bí aṣọ búlúù tí wọ́n ti fọ̀ jù, Bàbá. Àwọ̀ rẹ̀ ń ṣí."

"Igi ńkọ́?"

"Ewé ti ń já bọ́ lára wọn, bí òwú lára aṣọ tí wọn ò ká létí. Ewé pupa, ewé ràkọ̀ràkọ̀."

Bàbá á rẹ́rìn-ín títí ọ̀pá á fi máa gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀. "Ta ló sọ ọ́ ní Adákẹ́? Onítọ̀hún ò gbọ́ràn ni. Láti òní lọ, Ojú Mi ni mo sọ ọ́."

Ojú Mi ló sì ń pè é lóòótọ́. Adákẹ́ kò ní bàbá. Tó bá gbọ́ orúkọ yẹn, ọkàn rẹ̀ á gbóná. Ìgbàkígbà tí bàbá náà bá béèrè Ẹnu Ọ̀nà Ńlá, á yára sọ pé, "Ó wà níbẹ̀, Bàbá," á sì yára mú ọ̀rọ̀ míì wá. Bàbá á kàn dorí kọ́ díẹ̀, bí ẹni tó ń retí nǹkan.

Nígbà náà ni àǹtí rẹ̀ pinnu pé òun ń kó ṣọ́ọ̀bù lọ sí ìlú ńlá kan tó jìnnà réré. Ó ní oníbàárà pọ̀ níbẹ̀, máṣíìnì méjì kì í ṣe ohun tí a ń fi jókòó sí ìgbèríko. Òun, ìyá àgbà àti Adákẹ́ ló ń lọ, kété tí ẹ̀ẹ̀rùn bá parí.

Bíríkìlà gbọ́, ó wá sí ṣọ́ọ̀bù tààrà láti ibi iṣẹ́, eruku funfun ní irun rẹ̀.

"Mà, mo fẹ́ fẹ́ ọmọ yín."

Àǹtí Télọ̀ kò gbójú kúrò lórí aṣọ tó ń rán. "Ìwọ ta ni?"

"Bíríkìlà ni mí, Mà."

"Mo mọ̀ ọ́n. Ọmọ bàbá tí ojú ń dùn. Ṣé aya lẹ ń wá nílé yín, àbí ọ̀pá tí bàbá yín á máa fi rìn?"

"Àǹtí!" Adákẹ́ pariwo. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó gbé ohùn sókè nínú ṣọ́ọ̀bù náà. Àǹtí rẹ̀ dá máṣíìnì dúró, ó yíjú wò ó.

"Ó dáa. O fẹ́ràn rẹ̀ nìyẹn." Ohùn rẹ̀ ti rọ̀. "Kò sí bàbá níbí tó máa dá a lóhùn. Èmi ni bàbá, èmi ni ìyá. Mi ò ní fi ọ́ sílẹ̀ sílé tí wọn ò ti fẹ́ ọ. Bí bàbá rẹ̀ bá fi ẹnu ara rẹ̀ wá tọrọ rẹ lọ́wọ́ mi, èmi náà á fi ẹnu ara mi gbà. Bí kò bá wá, a jọ ń lọ nìyẹn."

Bíríkìlà dọ̀bálẹ̀, ó dúpẹ́. Nígbà tó ń jáde, ó sọ̀rọ̀ sí Adákẹ́ létí pé, "Wọ́n ń pè ọ́ ní Ojú Mi. Ṣé wọ́n lè kọ̀ ọ́ ni?"

Nígbà tó sọ ọ̀rọ̀ náà fún bàbá rẹ̀, bàbá náà ní, "Ọmọ dáadáa ni. Jẹ́ kó mú mi rìn ní Sátidé. Lẹ́yìn náà ni màá dáhùn."

Adákẹ́ wọ aṣọ tó dára jù tó ní. Òun ló rán an. Ó mú Bàbá gba etí odò, wọ́n gun òkè díẹ̀díẹ̀, wọ́n jókòó sórí àpáta. Atẹ́gùn ń fẹ́. Ewé gbígbẹ ń yí lórí òkúta.

"Ojú Mi," ni bàbá náà wí.

"Bàbá."

"Ọmọ mi ní òun fẹ́ fẹ́ ọ. Inú mi dùn. Àmọ́ kí n tó lọ bá àǹtí rẹ, mo fẹ́ kí o wo òkè yìí dáadáa fún mi. Wò ó bí ẹni pé èmi ni mò ń wò. Ẹnu Ọ̀nà Ńlá ńkọ́?"

Adákẹ́ rò pé ọkàn arúgbó náà ń fẹ́ ìtùnú kó tó jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin di ọkọ ẹlòmíì ni. Ó rántí ìlérí tó ṣe. Bí ẹni tó ń fi gbogbo òwú tó kù sára aṣọ kan ṣoṣo, ó tú gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ jáde.

"Ó dúró gbagidi, Bàbá. Ó rẹwà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ewé tó fà mọ́ ọn ti yọ òdòdó, òdòdó olómi ọsàn. Àwọn alápàáǹdẹ̀dẹ̀ sì ti dé! Wọ́n ń kọ́lé sábẹ́ rẹ̀, wọ́n ń wọlé, wọ́n ń jáde, wọ́n pọ̀ lọ jàra, ariwo wọn—"

Ó dúró lójijì. Kò sí ariwo kankan. Atẹ́gùn nìkan ló ń fẹ́.

Bàbá fi ọ̀pá rẹ̀ kan àpáta.

"Ní gbogbo ìgbà tí mo fi pín lẹ́tà," ó wí, "tí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti dé báyìí, ariwo àwọn ẹyẹ yẹn kì í jẹ́ kí èèyàn gbọ́ ohùn ara rẹ̀ lórí àpáta yìí. Láti ìgbà tí ìyá ọmọ mi ti kú, mi ò gbọ́ ẹyọ kan. Ilé wọn ti wó. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti mọ̀."

Adákẹ́ kúnlẹ̀ sínú koríko gbígbẹ. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Ó wó. Òkìtì òkúta ló kù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

"Mi ò bínú." Òótọ́ ni, ohùn rẹ̀ tutù bí omi. "Ọmọ mi ń parọ́ fún mi, mo gbà á mọ́ra, torí èmi ni mo bí i. Mo ní bí ó bá mú ìyàwó wálé, ẹni yẹn ló máa sọ fún mi. Mo bi ọ́ ní Sátidé kan, mo bi ọ́ ní òmíì. Mo ní ojú ló ń tì ọ́. Mo ní kí n tún bi ọ́ lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ dé góńgó." Ó mí kanlẹ̀. "Ẹni méjì tó ń parọ́ fún mi nínú ilé kan ṣoṣo? Òkùnkùn mi á di méjì, ọmọ mi. Ẹyọ kan yìí gan-an, agbára káká ni mo fi ń gbé e."

Ó dìde. Adákẹ́ na ọwọ́ sí i. Ọ̀pá rẹ̀ ni bàbá náà dì mú, ó sì sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè náà fúnra rẹ̀, ó ń fi ẹsẹ̀ wá ọ̀nà.

Kò pè é ní Ojú Mi mọ́.

Bíríkìlà sunkún, ó bẹ bàbá rẹ̀, ó jẹ́wọ́ pé òun ló ní kí Adákẹ́ parọ́. Nígbà tó wá sí ṣọ́ọ̀bù, aṣọ ti wà nínú àpótí, wọ́n ti tú máṣíìnì kan palẹ̀. Adákẹ́ jókòó síbi kan, ó ń dá ojú bọ́tìnnì tó kẹ́yìn.

"Kí ni wọ́n wí?" ó bi í.

"Wọ́n ní àwọn mọ̀ pé èmi ni. Wọ́n ní ìdí nìyẹn gan-an." Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Wọ́n ní, 'Ó fẹ́ràn rẹ débi pé ó lè parọ́ nítorí rẹ. Ọjọ́ tí ojú tìẹ náà bá fọ́, kí ni yóò máa sọ fún ọ?'"

Abẹ́rẹ́ dúró lọ́wọ́ Adákẹ́.

"Wọ́n ní tí mo bá fẹ́, kí n fẹ́ ọ, àwọn ò ní gbé mi ṣépè. Àmọ́ àwọn ò ní wá tọrọ rẹ, àwọn ò sì ní bá wa gbé. Adákẹ́, ta ló máa bu omi fún wọn? Ta ló máa mú wọn jáde?"

"O ò lè fi wọ́n sílẹ̀."

"Mi ò lè fi wọ́n sílẹ̀."

"Mi ò ní kí o fi wọ́n sílẹ̀."

"Mo ti búra fún wọn," ni Bíríkìlà wí. "Irọ́ kankan ò gbọdọ̀ jáde lẹ́nu mi sí wọn mọ́ láéláé. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n béèrè nìyẹn." Ó wo aṣọ tó wà lórí itan Adákẹ́. "Èmi ni mo ba ayé rẹ jẹ́."

"Ẹnu mi ni," ni Adákẹ́ dáhùn. "Ìgbà tí mo wá rí ọ̀rọ̀ sọ, mo sọ ọ́ jù."

Àǹtí Télọ̀ ń gbọ́ láti yàrá kejì. Kò fi wọ́n ṣẹ̀sín. Ó wá, ó gbé omi fún ọkùnrin náà mu, ó sì padà wọlé láìsọ nǹkan kan. Èyí ló dun Adákẹ́ jù, torí ó mọ̀ pé bí ìrètí kankan bá kù, àǹtí òun ì bá ti bú ẹnìkan.

Lálẹ́ yẹn ìyá àgbà fa orí Adákẹ́ mọ́ àyà. "Èmi ló yẹ kí n ti sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ yẹn," ó wí. "Ó ti dé ètè mi. O tẹ̀ mí lápá, mo sì dákẹ́."

Sátidé tó kẹ́yìn, ọkọ̀ tó máa kó ẹrù wọn kò tíì dé. Orúnkún ìyá àgbà ti kọ ìrìn. Adákẹ́ nìkan ló jáde. Igi gbogbo ti wà níhòòhò. Odò ti gbẹ kanlẹ̀, ó fẹsẹ̀ kọjá níbi tó ti máa ń ká aṣọ sókè tẹ́lẹ̀. Ó fẹ́ wo òkìtì òkúta náà lẹ́ẹ̀kan sí i kó sì máa lọ.

Bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ ló rí àwọn méjèèjì tí wọ́n ń gòkè bọ̀, bàbá dì mọ́ apá ọmọ. Ọ̀nà náà tóóró. Ó yà sínú koríko lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó dúró. Ó ń gbọ́ ohùn Bíríkìlà, ohùn náà ti gbẹ bí ilẹ̀ ibẹ̀.

"Igi etí odò, wọ́n ti gé e, Bàbá. Kànga ti dí. Ògiri apá ọ̀tún ti là sí méjì. Ẹnu Ọ̀nà Ńlá, òkìtì òkúta ni. Kò sí òdòdó lórí rẹ̀."

"Ó ṣeun, ọmọ mi," ni bàbá náà wí.

Bíríkìlà gbójú sókè, ó rí i. Èèmọ́ ti bo aṣọ Adákẹ́ láti ìsàlẹ̀ dé orúnkún. Ó rí ìyẹn náà. Ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ já a, àmọ́ apá bàbá rẹ̀ wà nínú tirẹ̀.

Bàbá dúró. Ó dorí kọ́, bó ṣe máa ń ṣe.

"Mo gbọ́ tí ẹnìkan ń mí. Ta ló dúró síbẹ̀ yẹn?"

Adákẹ́ mi orí. Omi ojú ń dà lójú rẹ̀, ó fi ọwọ́ bo ẹnu kó má baà dún. Bíríkìlà la ẹnu, ó pa á dé. Ó tún un là.

"Ọmọbìnrin kan ni, Bàbá," ó wí. "Ó ń kọjá lọ ni."

Adákẹ́ kò tíì kúrò lójú kan. Ó rántí ìbúra tí Bíríkìlà ṣe. Ó wo ojú rẹ̀ fún ìgbà ìkẹyìn, ó gbé ẹsẹ̀ kúrò nínú koríko kí ọ̀rọ̀ ọkùnrin náà lè jẹ́ òótọ́, ó sì kọjá lọ.